Iye ọmọ tí yóò máa jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Amẹ́ríkà: níbo ló ti ń dín kù, níbo ló ti ń pọ̀ sí i, kí ló sì yẹ kí àwa òbí ṣe?

Ìyá Mofẹ́ (Illinois)

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ mi àgbà wà ní ipele kẹwàá ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan lẹ́bàá Chicago, àbúrò rẹ̀ sì wà ní ipele kẹrin. Níbi ìpàdé àwọn òbí tí wọ́n pè láìpẹ́ yìí, wọ́n sọ fún wa pé iye àwọn ọmọ tí yóò máa gba ìwé ẹ̀rí girama ní ìpínlẹ̀ wa yóò lọ sílẹ̀ gidigidi láàárín ọdún mélòó kan sí i, àti pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n pa àwọn kíláàsì kan pọ̀. Òbí tó jókòó tì mí sọ pé ìròyìn ayọ̀ ni, torí pé bí ọmọ bá dín kù, àyè yóò pọ̀ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lẹ́bàá Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní lọ́dọ̀ tiwọn, ńṣe ni kíláàsì ń kún àkúnya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí ó là mí lóye. Ṣé orílẹ̀-èdè kan náà la ń sọ? Kí sì ni èmi tí mo ní ọmọ méjì lẹ́nu rẹ̀ yóò fi ìròyìn náà ṣe?

Olùkọ́ Ìṣirò (Maryland)

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú àníyàn. Ó jọ pé ìròyìn tí wọ́n kà fún yín wá láti ọ̀dọ̀ WICHE, àjọ tí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado, tó sì ti ń ṣe irú ìṣirò yìí fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní December 2024 sọ pé ọdún 2025 ni iye àwọn tó ń jáde ní girama ní gbogbo Amẹ́ríkà yóò dé góńgó, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.9, àti pé láti ibẹ̀ ni yóò ti máa wálẹ̀ títí yóò fi dín ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2041. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó ń jáde, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló ń ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ọ̀rọ̀ yìí látòkè délẹ̀.

Orísun rẹ̀ kò ṣòro rí. Ní ọdún 2007, ọmọ 4,316,233 ni wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, iye tí kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, àwọn tọkọtaya bẹ̀rẹ̀ sí í fawọ́ ọmọ bíbí sẹ́yìn, ìbí sì ń lọ sílẹ̀ láti ìgbà náà, débi pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 péré ni wọ́n bí ní 2023. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2007 pé ọdún 18 ní 2025. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2023 yóò pé ọdún 18 ní 2041. Ìdí nìyí tí ìṣirò náà fi dúró sí 2041: àwọn ọmọ tó ti wà láyé ni wọ́n kà, wọn kò fọgbọ́n orí kọ iye àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì bí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ apá tó ṣeé gbára lé jù. Wọ́n á mú iye ọmọ tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ kan, wọ́n á wo iye tó wọ ipele kìíní lọ́dún kẹfà, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé wọn láti ipele dé ipele títí dé ọjọ́ ìjáde. Ká sọ pé ọmọ 100 wà ní ipele kẹjọ lọ́dún yìí, tí 104 sì wà ní ipele kẹsàn-án lọ́dún tó ń bọ̀. A jẹ́ pé àwọn kan ṣí wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tàbí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni bọ́ sí ti ìjọba, tàbí àwọn kan ń tún ipele kẹsàn-án kà. Ìṣirò náà kì í wádìí èwo ni èwo nínú ìwọ̀nyí. Ó kàn gbà pé bí ó ṣe rí láwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni yóò ṣe máa rí lọ. Nítorí náà, bí àwọn ènìyàn bá ṣíwọ́ kíkó lọ sí Florida lọ́la, àsọtẹ́lẹ̀ Florida yóò yẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ti Illinois, tó jẹ́ pé ìbí tó dín kù ló fà á, kò lè yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé ọmọ tí wọn kò bí ní 2015 kò lè jáde ní 2033.

Ní ti ẹkùn, ìjọba Amẹ́ríkà pín àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin nígbà tí wọ́n bá ń ka ènìyàn: Àríwá Ìlà-Oòrùn tó ní ìpínlẹ̀ 9, Midwest (àárín apá àríwá) tó ní 12, Gúúsù tó ní 16 pẹ̀lú Washington D.C., àti Ìwọ̀-Oòrùn tó ní 13. Láàárín 2023 sí 2041, àsọtẹ́lẹ̀ náà ni pé Ìwọ̀-Oòrùn yóò fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, Àríwá Ìlà-Oòrùn yóò fi 17 dín kù, Midwest yóò fi 16 dín kù, Gúúsù nìkan ni yóò sì fi ìdá 3 lé sí i. Ìyẹn ni pé ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, òótọ́ lẹ jọ ń sọ.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró lórí ẹkùn. Ìdá 20 ti Ìwọ̀-Oòrùn yẹn, California ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, torí pé nǹkan bí ìdajì gbogbo àwọn ọmọ tó ń jáde ní ẹkùn náà ló ń jáde ní California, California nìkan yóò sì fi ìdá 29 dín kù. Illinois tiyín yóò fi 32 dín kù, New York 27, Michigan 20, Pennsylvania 17. Àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún wọ̀nyí ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo àdínkù tí wọ́n ń pariwo rẹ̀. Ní òdìkejì, Tennessee yóò fi ìdá 15 pọ̀ sí i, Florida 12.

Ẹ wo ohun kan tó wú mi lórí. Ní 2007, ọmọ tí wọ́n bí ní California jẹ́ nǹkan bíi 566,000. Ní 2023, ó ti di nǹkan bíi 400,000. Ẹ ṣe ìyọkúrò rẹ̀ fúnra yín, ẹ ó rí i pé ó súnmọ́ ìdá 29 yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n Tennessee kò bí ọmọ ní 2023 ju iye tó bí ní 2007 lọ; ó tiẹ̀ dín díẹ̀. Àwọn ìdílé tó ń kó wọlé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ ni wọ́n mú kí iye tiwọn ga. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ pé Gúúsù ń pọ̀ sí i kò gbọdọ̀ rò pé wọ́n ń bímọ níbẹ̀ jù ti ìyókù lọ. Ṣíṣí ló ń gbé wọn ga, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ibi tí ènìyàn yóò ṣí lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Olùkọ́, ẹ ṣeun, àlàyé yín kún. Èmi fẹ́ sọ ti apá ibi tí àwa wà, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà ní Houston, Dallas, Atlanta àti Maryland, tí gbogbo wọn sì bọ́ sí Gúúsù nínú ìpín tí ẹ kà yẹn. Bí òbí kan níbí bá ka àkọlé ìròyìn pé ọmọ ń dín kù ní Amẹ́ríkà, tó sì fọkàn balẹ̀ pé yunifásítì yóò máa wá ọmọ òun kiri, ó ti ṣi ìròyìn náà gbọ́.

Ẹ wo yunifásítì Texas tó wà ní Austin. Òfin ìpínlẹ̀ yìí, tó ti wà láti 1997, ní kí yunifásítì ìjọba gba ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣáájú ní kíláàsì rẹ̀ láìbéèrè ohun mìíràn. Nígbà tí àwọn tó ń fẹ́ wọ Austin pọ̀ jù, wọ́n fún un láṣẹ láti fi ìlà náà sókè. Ó ti wà ní ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún mélòó kan, ó sì ti di ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ń wọlé ní ìgbà ìwọ́wé 2026. Ọmọ tí ìbá wọlé láìjanpata lọ́dún tó kọjá lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìlà lọ́dún yìí pẹ̀lú máàkì kan náà.

Ìmọ̀ràn mi fún àwa tí a wà ní ìpínlẹ̀ tó ń kún ni pé kí a má fi gbogbo ọkàn sí yunifásítì ńlá kan tó wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀wé sí méjì tàbí mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti ń dín kù. Àwọn ọmọ Ohio, Michigan àti Pennsylvania kò pọ̀ tó láti kún ibùsùn ọgbà wọn mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ń wá ọmọ Texas àti ọmọ Georgia lójú méjèèjì, wọ́n sì ń fi owó ìrànwọ́ tì í lẹ́yìn. Ọmọ wa tí máàkì rẹ̀ dára, àmọ́ tí kò wọ ìdá márùn-ún, lè jẹ́ ẹni àpọ́nlé níbẹ̀.

Ìyá Àrẹ̀mọ (Georgia)

Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wà ní Georgia, Tennessee tàbí Florida sáré fi ìpínlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìṣírò owó. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní HOPE wà ní Georgia láti 1993, Bright Futures wà ní Florida láti 1997, Tennessee Promise sì ń san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì fún ọmọ tó jáde ní girama níbẹ̀ láti 2015. Owó tí ìpínlẹ̀ ń san fún ọmọ tirẹ̀ yìí kì í bá ọmọ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Òbí ní láti gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì wo èyí tó fúyẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ dájú ni ìyàtọ̀ láàárín iye tí wọ́n kọ síta àti iye tí yóò jáde lápò ẹni. Níbi tí ọmọ ti ṣọ̀wọ́n, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kì í sábà dín iye tí wọ́n kọ síta kù. Wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì wá fún ọmọ ní ẹ̀bùn tó tó ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà tí ọmọ mi gbà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Midwest wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Lókè ni wọ́n kọ iye owó ilé-ìwé pẹ̀lú ilé gbígbé àti oúnjẹ, tó lè mú kí ènìyàn di lẹ́tà náà padà sínú àpò ìwé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀bùn wà ní ìlà mẹ́ta: ti máàkì, ti pé ó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, àti ti orin tó ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìlà tó kẹ́yìn, èyí tó kù fún wa láti san, kò ju ohun tí à bá san ní yunifásítì ìjọba nílé lọ. Ṣùgbọ́n mo tún rí ọ̀rọ̀ kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, pé bí máàkì ọmọ bá lọ sílẹ̀ ju ibì kan lọ, ẹ̀bùn àkọ́kọ́ yóò dá dúró. Ẹ ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ẹ̀yin òbí. Ẹ bèèrè bóyá ẹ̀bùn náà yóò wà fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì bèèrè bóyá yóò máa ga bí owó ilé-ìwé bá ń ga lọ́dọọdún.

Láti ọdún 2011 ni òfin ti pàṣẹ pé kí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀rọ ìṣirò sí ojú òpó wọn, èyí tí òbí yóò fi owó tó ń wọlé fún un sí, tí yóò sì rí iye tó ṣeé ṣe kó san. Kí ọmọ tó kọ̀wé síbikíbi, ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ náà.

Àbúrò Pẹ́ńsì (Pennsylvania)

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Èmi ń gbé níbi tí àdínkù yìí ti dé tẹ́lẹ̀, mo sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kan ewu tó wà nínú lílọ síbi tí àyè ti pọ̀. Àyè pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé ọmọ kò sí, níbi tí ọmọ kò bá sì sí, owó kò sí.

Ní July 2022, àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ wa mẹ́fà di méjì: California (ìlú kan ní Pennsylvania níbí ni, kì í ṣe ìpínlẹ̀ California), Clarion àti Edinboro di PennWest, Bloomsburg, Lock Haven àti Mansfield di Commonwealth University. Ní 2024, Cabrini University lẹ́bàá Philadelphia ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Lọ́dún kan náà, University of the Arts ní Philadelphia kéde ní May 31 pé òun yóò ti ilẹ̀kùn ní June 7. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti san owó ìdúró, tí wọ́n fi ń di àyè mú, fún ọdún tó ń bọ̀. Ní May 2025, àwọn alákòóso Penn State fọwọ́ sí i pé kí ọgbà méje nínú àwọn ọgbà kéékèèké wọn kógbá sílé lẹ́yìn sáà ìrúwé 2027. Kì í ṣe ìbí nìkan ló fa gbogbo èyí, àìrí owó ná àti àṣìṣe àwọn alákòóso wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ ìbá pọ̀ bíi tàtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá ṣì rọ́nà gbà.

Kí ẹ má sì rò pé Gúúsù bọ́ nínú rẹ̀. Birmingham-Southern College ní Alabama, tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, parí iṣẹ́ rẹ̀ ní May 2024.

Nítorí náà, kí òbí tó san owó ìdúró fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan, kí ó béèrè ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, mélòó ni ọmọ tó wọlé lọ́dún yìí, mélòó ló sì wọlé lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn? Èkejì, ṣé àjọ tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wọn ti kìlọ̀ fún wọn nípa owó? Ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń hàn lójú òpó àjọ náà, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ náà sì ń kọ orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣọ́ owó wọn lójú méjèèjì síta. Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ilé ẹ̀kọ́ wo ló ti ṣe àdéhùn láti gba àwọn ọmọ wọn láìjẹ́ kí ọdún wọn ṣòfò? Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò lè dáhùn èyí àkọ́kọ́ láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, ẹ má fọmọ yín síbẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìyá Mofẹ́ (Illinois)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àbúrò, ìbéèrè mẹ́ta yín yẹn ti wọ inú ìwé mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń ronú nípa ohun tí wọ́n sọ pé wọ́n lè pa kíláàsì pọ̀. Kí ni àdínkù yìí yóò ṣe fún girama fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó dé yunifásítì?

Tísà Kẹ́místírì (Michigan)

Ìyá Mofẹ́, èmi ni kí n dáhùn èyí, torí iṣẹ́ mi ni. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì ni ìjọba ń wò kó tó fún ilé ẹ̀kọ́ lówó. Bí ọmọ bá dín kù, owó dín kù, ṣùgbọ́n òrùlé tó ń jò àti ọkọ̀ tó ń kó ọmọ kò dín kù. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń gé ni kíláàsì tí ọmọ kò pọ̀ sí. Kẹ́místírì onípele gíga tí à ń kọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ yóò di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá wá lọ kọlu àkókò tí wọ́n ń kọ́ ìṣirò onípele gíga, ọmọ yóò yan ọ̀kan, yóò pàdánù èkejì. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ nílò méjèèjì.

Ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ yín nísinsìnyí, kí wọ́n tó to tábìlì àkókò ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè àwọn kíláàsì tí yóò wà ní ipele kọkànlá àti ìkejìlá, kì í ṣe ti ọdún tó ń bọ̀ nìkan. Bí wọ́n bá ní ọ̀kan yóò lọ, ẹ béèrè bóyá ọmọ lè lọ kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tó wà nítòsí, kí wọ́n sì kà á mọ́ ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní Michigan, ó wà ní Illinois náà, ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ nípa rẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í kéde rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ béèrè.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí a kíyè sí gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú. Nínú àsọtẹ́lẹ̀ kan náà, iye àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń jáde yóò fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní 2041, ti àwọn aláwọ̀ funfun yóò fi 26 dín kù, ti àwọn Hispanic (tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tó ń sọ èdè Spanish) yóò fi 16 lé sí i, àwọn tí òbí wọn jẹ́ ẹ̀yà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ yóò sì fi 68 lé sí i. Àwọn ọmọ wa wà nínú ìdá 22 yẹn. Níbi tí ọmọ aláwọ̀ dúdú bá ti di díẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ kan, ẹgbẹ́ wọn àti olùdámọ̀ràn tó mọ ìṣòro wọn lè wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gé. Mo fẹ́ kí àwọn òbí wa máa lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn tó bá wá.

Ìyá Tèmi (California)

Ẹ kú ìjíròrò. Nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, kò sí ẹni tó tíì sọ bí ọmọ California ṣe lè jàǹfààní. Ṣé pé ìdá 29 tó máa dín kù níbí yìí túmọ̀ sí pé Berkeley àti UCLA, àwọn yunifásítì ìjọba wa tó lókìkí, yóò rọrùn wọ̀?

Olùkọ́ Ìṣirò (Maryland)

Rárá o. Níbi tí àwọn tó ń kọ̀wé bá ti pọ̀ ju àyè lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bí àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà bá tiẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, ìlà ẹnu ọ̀nà ṣì gùn. Wọ́n ń gba ọmọ láti gbogbo Amẹ́ríkà àti láti òkè òkun. Àwọn yunifásítì àárín, tí orúkọ wọn kò dé ibi gbogbo, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ àdúgbò ló kún inú wọn, ni àdínkù yìí yóò kàn jù, ibẹ̀ náà ni àǹfààní fún òbí yóò ti hàn jù.

Ìyá Tèmi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wo ètò pàṣípààrọ̀ tí WICHE ń ṣe láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n ń pè ní WUE. Ọmọ California tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú ètò náà ní Nevada, Utah, Idaho tàbí Montana kò ní san ju ìlọ́po kan ààbọ̀ owó tí ọmọ onílé ń san. Midwest ní irú tirẹ̀, Illinois náà sì ní àwọn ìpínlẹ̀ aládùúgbò tó wà nínú rẹ̀; àwọn ìpínlẹ̀ New England, ní Àríwá Ìlà-Oòrùn, ní tiwọn fún ẹ̀kọ́ tí kò sí nílé. Ní Gúúsù, ètò kan wà tí ọmọ fi lè san owó onílé ní ìpínlẹ̀ mìíràn bí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ kò bá sí ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì, Texas àti Florida kò fi àwọn tó ń kọ́ oyè àkọ́kọ́ sínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló wà nínú àwọn ètò wọ̀nyí, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi sí i. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń wà lẹ́yìn òde. Àwọn kan ní gbèdéke tó yára pé ju ti ìwé ìwọlé gan-an lọ.

Ìyá Àrẹ̀mọ (Georgia)

Ẹ jẹ́ kí n rán Ìyá Mofẹ́ létí ohun kan tí àdínkù yìí ti bí. Idaho ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2015: dípò kí ọmọ kọ̀wé kó máa dúró, ìpínlẹ̀ ń wo máàkì rẹ̀, ó sì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ báyìí-báyìí ti gbà á. Minnesota tẹ̀ lé wọn, Illinois náà sì ti ṣòfin tirẹ̀ ní 2025. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ọmọ má jù ú nù bí ìwé ìpolówó. Àyè tòótọ́ ni. Àmọ́ lẹ́tà náà kì í sọ ti owó, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ṣì kún fọ́ọ̀mù FAFSA, tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, kí ẹ sì kún un ní kùtùkùtù.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Ẹ dákun, mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí WAEC ní Ìbàdàn. Ṣé àdínkù yìí ṣí ilẹ̀kùn fún òun náà?

Àbúrò Pẹ́ńsì (Pennsylvania)

Ẹ̀gbọ́n, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ti ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn ń wá ọmọ òkè òkun, ṣùgbọ́n ìṣirò tí à ń sọ yìí kò ka ọmọ yín mọ́ ọn, físà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ tí òfin rẹ̀ ń yí padà. Àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí mo kọ sókè yẹn, kí ẹ béèrè wọn ní ìlọ́po méjì, torí pé ọmọ òkè òkun tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn lè pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀ pẹ̀lú àyè ẹ̀kọ́.

Ìyá Mofẹ́ (Illinois)

Ẹ̀yin ará, inú mi dùn pé mo béèrè. Olùkọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ti èyí àbúrò tó wà ní ipele kẹrin ńkọ́?

Olùkọ́ Ìṣirò (Maryland)

Èyí àgbà yóò jáde ní 2028, nígbà tí iye náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nítorí náà kí ó múra bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Èyí àbúrò yóò jáde ní 2034. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní nǹkan bíi 2015 àti 2016. Ní 2015, nǹkan bíi 158,000 ni wọ́n bí ní Illinois, bẹ́ẹ̀ 2007 jẹ́ nǹkan bíi 180,000. Ìyẹn ni pé kíláàsì tirẹ̀ yóò kéré sí ti àwọn tó jáde ní 2025 ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kí a tó ka àwọn tó ń ṣí kúrò ní ìpínlẹ̀ náà. Ìdá 32 tí mo kà fún yín lókè, 2041 ni; kò tíì kan ọmọ yín kankan. Ohun tó lè kàn án ni girama tí yóò lọ. Àjọ ètò ẹ̀kọ́ àdúgbò yín ní láti ní ìṣirò tirẹ̀ nípa iye ọmọ tí wọ́n ń retí fún ọdún mélòó kan sí i, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un. Ẹ gbà á, kí ẹ wo iye ọmọ tó wà ní ipele kẹrin lónìí ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń fọmọ ránṣẹ́ sí girama yẹn, kí ẹ sì fi wé iye tó wà ní ipele kejìlá. Bí ẹ bá rí i gbà, ẹ fi sí ibí yìí, n ó bá yín ṣírò rẹ̀.